Yíyan Amọ̀nà Sínú Ihò Yìnyín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbàlagbà ni í mọ ibi tí igi náà yóò wó sí. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ igi nìkan. Ibikíbi tí ènìyàn bá dé tí kò mọ ìṣe ibẹ̀, ìbáà ṣe inú aginjù, ìbáà ṣe ojú òkun, ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ewu ń gbà wọlé ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí àlejò sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín jẹ mọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ kan tí ó jìnnà réré sí ilẹ̀ wa: ihò yìnyín tí ó wà ní àgbègbè Ákítíìkì, ní ìpẹ̀kun ayé níhà àríwá.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá ni lẹ́tà kan tí mo rí gbà láti ọ̀dọ̀ ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́jú owó pamọ́ láti lọ wo ihò yìnyín. Ó fi ìkéde mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, ó sì ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò. Èwo ni kí a yàn nínú wọn?" Ìkéde kìíní ni owó rẹ̀ kéré jù lọ. Ìkéde kejì ni àwòrán rẹ̀ dára jù lọ, ó sì ṣe ìlérí pé kò sí oṣù kan nínú ọdún tí àwọn kò lè mú àlejò wọ inú ihò. Ìkéde kẹta wọ́n ju méjì yòókù lọ, kò sì ṣe ìlérí kankan àfi èyí: pé bí ojú ọjọ́ tàbí yìnyín náà kò bá dára, amọ̀nà ní àṣẹ láti dá ìrìn dúró, owó àlejò yóò sì padà sí ọwọ́ rẹ̀ láìku kọ́bọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà náà, nítorí pé èmi tí a ń bi léèrè kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìnyín rí. Yìnyín tí mo mọ̀ ni èyí tí òjò máa ń dà lé orí páànù, àti èyí tí àwọn obìnrin ń kó sínú kúlà láti fi mú omi tutù lọ́jà. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo ka ohun tí mo lè kà nípa ọ̀rọ̀ náà, mo sì dé orí ìpinnu kan. Èrò mi ni pé ìkéde kẹta ni ó yẹ kí wọ́n yàn. N kò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó wọ́n. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó wọ́n ni kò níláárí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé amọ̀nà tí ó bá lè wí fún àlejò pé, "A kò ní wọlé lónìí," òun nìkan ni ó tó ẹni tí à ń tẹ̀ lé.

Kí a tó lè mọ irú amọ̀nà tí ó yẹ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilé tí à ń wọ̀. Ihò tí àwa mọ̀ ni ihò inú àpáta. Àpáta kì í yẹ̀. Ihò tí baba ńlá ẹni sá sí nígbà ogun, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè wọ ibẹ̀ lónìí kí ó sì bá a bí ó ti wà. Ihò yìnyín kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, òjò dídì a máa rọ̀ lé òjò dídì lórí láti ọdún dé ọdún; ti òkè a tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi di yìnyín líle. Nígbà tí ó bá nípọn tó, ìwúwo ara rẹ̀ a mú kí ó máa sún láti orí òkè wá sí àfonífojì, díẹ̀díẹ̀, bí odò tí kò kánjú. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní odò yìnyín. Nígbà ooru, oòrùn a máa yọ́ ojú odò yìnyín náà. Omi a ṣàn lórí rẹ̀, a sì gbẹ́ ọ̀nà sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbàrá ti í gbẹ́ ilẹ̀ amọ̀. Ọ̀nà omi yìí a máa jìn sí i, òjò dídì àti yìnyín a sì bò ó lójú lókè. Nígbà tí òtútù bá padà dé, tí omi bá dáwọ́ ìṣàn dúró, ohun tí ó ṣẹ́kù ni ọ̀nà òfìfo kan nínú yìnyín. Èyí ni à ń pè ní ihò yìnyín.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí dáadáa. Omi ni ó kọ́ ilé náà, omi sì ni onílé. Bí ìgbà ooru bá dé, onílé a padà wọlé, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ àlejò bóyá ó ti wo ìran tán. Yàtọ̀ sí èyí, odò yìnyín kò dúró lójú kan. Ihò tí ó fẹ̀ lọ́dún yìí lè há lọ́dún tí ń bọ̀. Èyí tí ó wà lẹ́ẹ̀kan lè parẹ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni àgbègbè Ákítíìkì ń móoru kánkán ju ìyókù ayé lọ, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ nípa yìnyín ní ogún ọdún sẹ́yìn kò tó mọ́ láti fi dá ìpinnu ṣe lónìí. Nítorí náà, ìmọ̀ nípa ihò yìnyín kì í ṣe ìmọ̀ tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan kí a sì jókòó tì í. Amọ̀nà gbọ́dọ̀ tún un kọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a mọ̀ jù fún irú ìrìn àjò yìí ni Svalbard, àwọn erékùṣù tí ó wà lábẹ́ ìjọba ilẹ̀ Nọ́wè. Ìlú tí ó tóbi jù níbẹ̀ ni Longyearbyen, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1906 nítorí èédú tí ó wà nínú ilẹ̀. Ó ju ìdajì ilẹ̀ Svalbard lọ tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Odò yìnyín méjì, Longyearbreen àti Larsbreen, sún mọ́ ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di àárín oṣù kejì ọdún, oòrùn kì í yọ ní Longyearbyen rárá. Ṣùgbọ́n ní àkókò òtútù yìí gan-an ni a lè wọ inú ihò, nítorí pé omi ti lọ. Bí ìgbà ooru bá dé, tí oòrùn kì í sì í wọ̀ mọ́ tọ̀sán tòru, omi ni yóò kún inú ihò.

Níbí ni ìkéde kejì ti kọ́kọ́ ṣubú lójú mi. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí oṣù tí òun kò lè mú àlejò wọ inú ihò irú èyí, ó ń sọ ohun tí yìnyín kò bá a sọ. Àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú gba àròjinlẹ̀. Àwọ̀ aró títàn tí a ń rí nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ihò yìnyín a máa hàn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bá gba inú yìnyín kọjá. Ní Svalbard, nígbà tí òkùnkùn bá bo ilẹ̀, fìtílà tí ó wà lórí àṣíborí ẹni ni a ó fi ríran. Ẹwà wà níbẹ̀, àwọn tí ó ti dé ibẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i: ògiri tí ń dán bíi díńgí, òkúta kéékèèké tí yìnyín gbé mì, àti ìrì dídì tí ó so mọ́ òrùlé bí òdòdó. Ṣùgbọ́n ẹwà náà yàtọ̀ sí ti inú àwòrán, a sì lè ní láti tẹríba tàbí kí a rákò kí a tó dé ibi tí ó wà.

Ewu ọ̀nà kò kéré sí ewu inú ihò. Ní Svalbard, òfin sọ pé ẹni tí yóò bá jáde kúrò ní ìlú gbọ́dọ̀ mú ohun tí ó lè fi lé béárì funfun dání. Nítorí náà ni àwọn amọ̀nà ibẹ̀ ṣe ń gbé ìbọn. Èyí kì í ṣe àṣehàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, béárì pa ọkùnrin kan nínú àgọ́ tí ó sùn sí, nítòsí Longyearbyen gan-an. Òjò dídì tí ó kó jọ sí orí òkè pẹ̀lú a máa ya lulẹ̀ lójijì. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2015, irú rẹ̀ ya lu àwọn ilé ní ìlú náà, ó sì pa ènìyàn méjì. Bí ilé kò bá gba onílé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni àlejò tí ó wà ní ìta gbangba yóò ṣe? Amọ̀nà tí ó ń ka ojú ọ̀run, tí ó ń wo ẹ̀gbẹ́ òkè, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gba ọ̀nà mìíràn, òun ni ààbò àlejò.

Ẹni iwájú tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ilẹ̀ Áísílándì wà ní ẹnu ibodè Ákítíìkì. Odò yìnyín ńlá kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Vatnajökull. Breiðamerkurjökull jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà ooru, àwọn arìnrìn-àjò 23 bá amọ̀nà lọ síbẹ̀ láti wo ihò yìnyín. Yìnyín wó lu díẹ̀ nínú wọn. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan kú, obìnrin tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì fara pa. Ohun tí ó tẹ̀ lé e tún fa ìrònú. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwọn arìnrìn-àjò náà jẹ́ 25, nítorí náà nǹkan bí igba ènìyàn ń fi ọwọ́ gbẹ́ yìnyín títí di ọjọ́ kejì láti wá ènìyàn méjì, kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n dá irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ dúró ní àgbègbè náà.

N kò sí níbẹ̀, n kò sì fẹ́ di adájọ́ lórí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjì hàn kedere. Èkínní ni pé ìgbà ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ yìnyín. Èkejì ni pé amọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ iye ènìyàn tí ó kó jáde, gẹ́gẹ́ bí darandaran ti í mọ iye ẹran rẹ̀. Ìwé orúkọ tí kò pé lè dà bí ohun kékeré ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé. Ní ọjọ́ ibi, ẹ̀mí àwọn tí ń wá ènìyàn kiri lábẹ́ yìnyín wà lórí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Áísílándì yìí kan náà, ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjì òjò dídì ká arìnrìn-àjò 39 mọ́ orí Langjökull, níbi tí wọ́n ti ń gun alùpùpù orí yìnyín. Àwọn tí ń wo ojú ọjọ́ ti kìlọ̀ ṣáájú pé ìjì ń bọ̀. Ọpẹ́ ni pé a rí gbogbo wọn yọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti jìyà nínú òtútù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn ọmọdé sì wà láàrin wọn. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó fa èyí, nítorí pé ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní ọjọ́ náà ni ẹnu tí yóò sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a padà."

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta ko ọ̀rọ̀ mi. Wọn yóò ní, "Ẹni tí ó ti ìlú òkèèrè wá, tí ó san owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó ilé ìtura, ó ha yẹ kí a dá a padà ní ẹnu ọ̀nà bí? Olè ni ẹni tí ó gba owó ìran tí kò sì fi ìran han ènìyàn." Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀. Ìbànújẹ́ ni kí ènìyàn rin ìrìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì kí ó sì padà láìrí ohun tí ó wá wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ọjà tí a rà wò. Bí ó bá jẹ́ ìran nìkan ni a rà, àwòrán ì bá tó wa. Ohun tí a rà lọ́wọ́ amọ̀nà ni ojú rẹ̀, etí rẹ̀ àti ọgbọ́n orí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá dá wa padà, ọjọ́ náà ni ó fi ojúlówó ọjà lé wa lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ wa.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù kí ó jókòó sí ilé rẹ̀. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìrìn àjò a máa la ojú ènìyàn, ọ̀dọ́ tí ó bá sì ní ànfààní láti rí iṣẹ́ ìyanu Ẹlẹ́dàá, kí ó lọ rí i. Ẹni tí ó ń gun ọ̀pẹ kì í ṣe ojo nítorí pé ó yẹ igbà rẹ̀ wò kí ó tó gùn. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ lè rákò tàbí tí ara rẹ̀ kò le, ọ̀nà mìíràn wà fún un. Ní Langjökull tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ènìyàn fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò kan sínú yìnyín, wọ́n sì ṣí i fún àlejò ní 2015. Ihò tí ènìyàn gbẹ́ kò ní ìtàn kan náà pẹ̀lú èyí tí omi gbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn yan èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Ní ti owó, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ibi tí ẹ̀dínwó ti wá. Bí ilé iṣẹ́ kan bá gba owó tí ó kéré gan-an, ó gbọ́dọ̀ ti dín nǹkan kan kù. Ó lè jẹ́ pé amọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń kó ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn. Ó lè jẹ́ pé irin eléyín ṣóńṣó tí à ń dè mọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ ti gbó. Ó sì lè jẹ́ pé bí ìrìn kan bá yẹ̀, owó oṣù amọ̀nà ni yóò fara gbá a. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó burú jù, nítorí pé a ti fi oúnjẹ ọmọ amọ̀nà sí apá kan òṣùwọ̀n, a sì fi ẹ̀mí àlejò sí apá kejì.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìbéèrè márùn-ún ránṣẹ́ sí ọmọ ilé-ìwé mi, kí ó bi ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan léèrè kí ó tó san owó. Èkínní: ta ni ó ní àṣẹ láti dá ìrìn dúró, ṣé amọ̀nà tí ó dúró lẹ́nu ihò ni, tàbí ọ̀gá tí ó jókòó sí ọ́fíìsì? Èkejì: bí a bá dá a dúró, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó wa? Ẹ̀kẹta: nígbà wo ni ẹnìkan yẹ ihò náà wò kẹ́yìn? Ẹ̀kẹrin: àlejò mélòó ni amọ̀nà kan ń kó, ta ni ó sì mú ìwé orúkọ wọn lọ́wọ́? Ẹ̀karùn-ún: kí ni ẹ ó fún wa wọ̀, kí ni amọ̀nà yóò sì gbé lọ́wọ́? Ó yẹ kí a gbọ́ orúkọ àṣíborí, fìtílà, irin ìdè bàtà, okùn, oògùn, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti, ní Svalbard, ìbọn. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fi sùúrù dáhùn ìwọ̀nyí, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá bínú, tàbí tí ó bá fi ẹ̀rín dáhùn pé kò sí ewu kankan, ẹ jẹ́ kí a sá fún un. Ẹni tí ó mọ yìnyín kò jẹ́ sọ pé kò sí ewu nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ amọ̀nà kò pọ̀ ju ojúṣe àlejò lọ. Kò sí ọgbọ́n tí amọ̀nà lè ta fún ẹni tí kò ní gbọ́ràn. Kí àlejò sọ òtítọ́ nípa àìlera ara rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Kí ó wọ aṣọ tí wọ́n ní kí ó wọ̀. Kí ó má ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà nítorí àwòrán tí ó fẹ́ yà. Paríparí rẹ̀, bí amọ̀nà bá ní kí a padà, kí àlejò má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, kí ó má sì fi owó tàn án láti yí ọkàn padà. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà ni ó mọ ohun tí ó tọ́, tí ariwo àwọn tí ń tẹ̀ lé wọn sì mú wọn ṣe ohun tí kò tọ́. Bí a bá fẹ́ kí amọ̀nà ní ìgboyà láti sọ pé rárá, àwa náà gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń gba rárá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, ó lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú yín ni yóò dé Svalbard. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní yan amọ̀nà ní ọjọ́ kan. Nígbà náà, ẹ rántí ìkéde mẹ́ta yẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ìdùnnú àjò kì í ṣe kí a dé ibi tí à ń lọ nìkan. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, amọ̀nà tí ó bá sì fi ìpadàbọ̀ wa ṣáájú ìran tí a fẹ́ wò ni ó tọ́ kí a fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́.